Sàká Tó Túfọ̀ Ara Rẹ̀

Bí aago mẹ́jọ àárọ̀ bá ti kù díẹ̀ kó lù, ẹ ó rí Sàká Ọlátòkunbọ̀ lẹ́bàá títì kan lẹ́yìn Rye Lane, ní Peckham, nínú ẹ̀wù gígùn aláwọ̀ ìyeyè, pẹ̀lú ọ̀pá kan tó ga jù ú lọ, tó ní pátákó róbótó lórí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dá mọ́tò dúró kí àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè sọdá. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló fi wa bọ́ọ̀sì kó tó fẹ̀yìn tì, ọdún kẹrin rèé tó ti wà nídìí ọ̀pá. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni. Kì í yára. Bó bá bọ́ sójú títì, á máa gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ tó fẹ́ rà. Bọ́ọ̀sì mẹ́ta lè tò dè é, kí àwọn awakọ̀ máa fajú ro, kò kàn án.

Ọkùnrin yìí kan náà ló ní òun ti sáré rí débi pé òun kì í gbọ́ ariwo èrò mọ́, àfi afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ lọ létí òun.

Kò sí ẹni tí kò mọ ìtàn náà ní ṣọ́ọ̀bù Jìmí gbàjámọ̀, níbi tí àwọn àgbà ọkùnrin máa ń jókòó sí lọ́jọ́ Sátidé, yálà irun wà lórí wọn ni o, tàbí kò sí. Pé lọ́dún 1982, ní Yunifásítì Tolliver ní ìpínlẹ̀ Texas, Sàká wà lára àwọn mẹ́rin tó sá eré ọ̀pá, ìyẹn eré tí ẹnì kìn-ín-ní á sá yípo pápá lẹ́ẹ̀kan, á gbé ọ̀pá lé ẹnì kejì lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí á fi dórí ẹnì kẹrin. Sàká ni ẹnì kẹta. Ipò kẹfà ni wọ́n wà nígbà tí ọ̀pá bọ́ sí i lọ́wọ́, ipò kẹta ni wọ́n wà nígbà tó gbé e fún Ọlágòkè, ẹnì kẹrin, Ọlágòkè sì gbé e dé ipò kìn-ín-ní. Yunifásítì mọ́kànlá ni wọ́n lù lọ́jọ́ náà. Ibi tí ìtàn ti máa ń dùn jù nìyí, Sàká á dìde, á já ìgbálẹ̀ gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń gbá irun, á nà án síwájú, á wá ké bó ṣe ké e lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, "Gòkè! Gbà á!" Yorùbá méjèèjì ló mọ ohun tí wọ́n ń sọ, àwọn òyìnbó tó ń bá wọn díje rò pé ọfọ̀ ni. Ọlágòkè, tí ara rẹ̀ ti ń yún un látìgbà tó ti ń dúró, á gba ọ̀pá, á ké lóhùn rara pé, "O pẹ́!" ó di eré.

Jìmí á dá ẹ̀rọ dúró lórí oníbàárà. "Uncle Texas, a ti gbọ́. Evidence dà? Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a o." Ṣọ́ọ̀bù á hó yèè.

Ẹ̀rí ò sí. Àpótí tó kó mẹ́dàlì àti fọ́tò sí wà nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ kan ní Camberwell lọ́dún 1991 tí páìpù omi fi bẹ́, ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rí i, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ti di ẹ̀kọ. Ìwé ẹ̀rí ẹ̀kọ́ náà ò sí, torí kò parí ẹ̀kọ́. Iṣan itan rẹ̀ já lọ́dún kẹta, wọ́n sì gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n fún un padà. Ẹsẹ̀ ni wọ́n gbà wọlé, kì í ṣe orí. Nígbà tí ẹsẹ̀ kọṣẹ́, wọ́n ní kí orí náà máa bá a lọ. Kò lè forí lé Ìwó, ìlú rẹ̀, lọ́wọ́ òfo. London ló gbà lọ, ó lọ bá Yaqub ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ká sòótọ́, ẹ̀rín Jìmí kò dun Sàká tó bẹ́ẹ̀. Ti Nusaybah, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló dùn ún. Yunifásítì kan ní New Cross ni Nusaybah ń bá ṣiṣẹ́, ní ọ́fíìsì tó ń wá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ rí. Bí ọ̀kan bá di adájọ́ tàbí òṣèré, wọ́n á gbé orúkọ rẹ̀ sórí ìkànnì kí ayé lè rí i. Ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, ó fi ọgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kọ̀wé sí Tolliver, ó bi wọ́n léèrè orúkọ bàbá rẹ̀. Wọ́n wo ìwé àwọn tó gboyè jáde, wọ́n ní àwọn ò rí i. Kò sọ fún bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí Sàká bá ti mẹ́nu kan Texas lẹ́yìn oúnjẹ, Nusaybah á kó abọ́, á gba ilé ìdáná lọ. Sàká ò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó mọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló wá wu bàbá yìí kó tó kú, kí ẹnì kan tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà la ẹnu sọ ọ́ létí Nusaybah pé, bẹ́ẹ̀ ni, ó sáré. Bó bá sì jẹ́ òun ni yóò yan ẹni náà, Ọlágòkè ni. Yàrá kan ni wọ́n jọ gbé fún ọdún mẹ́ta, àwo kan ni wọ́n fi ń jẹun. Àmọ́ ó ti lé lógójì ọdún tí kò ti gbúròó rẹ̀. Ojú ń tì í láti wá a, nítorí ẹni tó ṣubú ni òun, Ọlágòkè á sì ti di dókítà. Ó ń retí kí Ọlágòkè wá òun. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó gbà pé ó ti gbàgbé òun, ìyẹn sì ń dùn ún ju iṣan tó já lọ.

Ó yẹ kí n sọ ti òfin Yaqub báyìí, nítorí òun ló fa gbogbo rẹ̀.

Lọ́dún 1984 tí Sàká dé London, páálí rẹ̀, ìyẹn ìwé àṣẹ ìgbélùú, kò pé. Yaqub pè é jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo. "Tí ẹnì kan bá pe orúkọ ẹ tán pátápátá lórí fóònù, ìwọ kọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá mọ̀ ẹ́ ò ní pe orúkọ ẹ tán." Ẹ rò ó wò, òótọ́ kúkú ni. Ẹni tó mọ̀ ẹ́ á pè ẹ́ ní Sàká, tàbí Bọ̀ọ̀dá, tàbí Bàbá Nusaybah. Ta ló ń to orúkọ àgbà méjèèjì pọ̀ bí ẹni tó ń ka ẹ̀sùn, bí kò bá ṣe aṣọ́bodè, ìjọba ìbílẹ̀, àti kóòtù? Bí ẹni bẹ́ẹ̀ bá ti pè, Sàká á fún imú, á fi ohùn mìíràn dáhùn pé ọ̀gbẹ́ni náà ti kó lọ, ó ti rìnrìn àjò, ó wà ní Birmingham. Páálí rẹ̀ pé lọ́dún 1993. Ìbẹ̀rù lọ, àṣà rẹ̀ kò lọ. Yaqub gan-an kú lọ́dún 2009, òfin rẹ̀ kò kú.

Kì í sì í ṣe Sàká nìkan. Láti Rye Lane dé Old Kent Road, àìmọye àgbà ló wà nílé tí wọn ò sí nílé. Nusaybah fúnra rẹ̀ máa ń ráhùn nítorí iṣẹ́ rẹ̀.

"Daddy, àwọn people wa yìí ehn! Mo call bàbá kan lónìí, old student wa. Mo ní, please, ṣé mo lè bá Mr. báyìí sọ̀rọ̀. Wọ́n ní he's dead. Mo sì ń gbọ́ tí ìyàwó wọn ń pè wọ́n pé ẹ̀bà ti tutù!"

Sàká rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Kò rí ara rẹ̀ níbẹ̀ rárá.

Ní oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá, fóònù ilé dún bó ṣe fẹ́ ṣe àlùwàlá ìrọ̀lẹ́. Ohùn obìnrin Amẹ́ríkà ni. Obìnrin náà pe Sàká, ó pe Ọlátòkunbọ̀, kò gbàgbé ọ̀kan. Ó béèrè ọjọ́ ìbí. Ó ní ọ́fíìsì báyìí báyìí ni òun ti ń pè. Sàká ò dúró gbọ́ èyí tó kù. Àwọn oní gbájúẹ̀ ti pọ̀ jù láyé ìsinsìnyí, Birmingham kò tó wọn mọ́, wọ́n á tún pè lọ́la. Ó fún imú, ó ní ẹni tí ẹ ń wí ti kú.

Obìnrin náà ní ó dun òun gan-an. Ìgbà wo ni? Sàká ní ó ti pẹ́. Ta ni òun ń bá sọ̀rọ̀? "Yaqub," ni Sàká wí, "ẹ̀gbọ́n ẹ̀." Ẹ ò rí ọ̀rọ̀, òkú ló ń túfọ̀ alààyè. Ohùn obìnrin náà ti ń gbọ̀n nígbà tó ń kí i kú ọ̀fọ̀, Sàká sì ń sọ nínú ara rẹ̀ pé àwọn olè yìí ti kọ́ ẹkún sísun mọ́ iṣẹ́ wọn. Ó kírun, ó jẹ iṣu àti ẹyin, ó sùn fọnfọn. Ẹyin mà lohùn o. Èyí tó já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ti fọ́, kò tíì gbọ́ ìró rẹ̀ ni.

Ó di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù kẹta ọdún yìí. Nusaybah wọlé bàbá rẹ̀ láìbọ́ kóòtù, kọ̀ǹpútà alágbèéká wà ní abíyá rẹ̀. Ní ibi iṣẹ́, wọ́n ní kí ó wo bí àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà ṣe ń fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ wọn hàn, torí kò sí ẹni tó mọ bí a ti ń fi ọmọ ẹni yangàn bíi tiwọn. Sẹ́nétọ̀ ni o, olówó epo ni o, ọmọbìnrin tó ju ọ̀kọ̀ jìnnà jù lọ́dún 1956 ni o, gbogbo wọn ló ní fọ́tò àti ìtàn. Ní ibì kan, ẹṣin tí wọ́n máa ń fà jáde kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀ náà ní pátákó tirẹ̀, pẹ̀lú ọdún ìbí àti ọdún ikú. Bó ṣe ń wò wọ́n lọ, ọwọ́ rẹ̀ yà sí Tolliver.

"Daddy, ẹ jókòó."

"Mo ti jókòó tẹ́lẹ̀."

"Ẹ jókòó dáadáa."

Ó ṣí i. Nínú fọ́tò tó wà níbẹ̀, àwọn bàbá mẹ́ta tó wọ kóòtù jókòó sórí pèpéle lọ́jọ́ tí wọ́n bu ọlá fún wọn, nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n kọ́ fún ọlá àwọn eléré ìdárayá ilé ẹ̀kọ́ náà. Ìjókòó kẹrin ṣófo, ẹ̀wù eré ìje aláwọ̀ àlùkò ló wà lórí rẹ̀. Fọ́tò àtijọ́ wà nísàlẹ̀, àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin tí wọ́n tín-ín-rín bí ìgbálẹ̀, ọ̀pá wà lọ́wọ́ wọn. Irun ẹnì kẹta ga, ó sì ń rẹ́rìn-ín, èjí rẹ̀ hàn. Èjí náà ni Nusaybah jogún.

Wọ́n to orúkọ wọn tẹ̀ lé ara wọn: Seth, ọmọ Texas, Levi, ọmọ Jàmáíkà, Sàká Ọlátòkunbọ̀, Dókítà Ọlágòkè.

"Ṣé o rí i?" ni Sàká ń wí. Ó ń fi ìka kan ojú kọ̀ǹpútà. "Ṣé o rí mi? Ṣé irọ́ ni mo ń pa?"

Nusaybah kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Daddy. Mo ti check nígbà kan, mi ò rí name yín. Mo rò pé..."

"Mo mọ ohun tó o rò. Dìde."

Kò dìde. "But Daddy, ẹ ka word tó wà níwájú name yín."

Sàká wá awò ojú rẹ̀, ó kà á. Olóògbé. Ó tún un kà. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn?"

"Wọ́n kọ ọ́ síbí. Wọ́n ní brother ẹ̀ ló sọ fún àwọn lórí phone in October. Yaqub." Ó wo bàbá rẹ̀. "Daddy. Uncle Yaqub ti kú since 2009."

Sàká gbójú sókè, ó ń wo àjà.

"Daddy, kí lẹ ṣe?"

"Wọ́n pe orúkọ mi tán," ni Sàká dáhùn, jẹ́jẹ́.

Nusaybah ṣubú lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, Sàká náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn, kí n má parọ́. Ẹni tí wọ́n ti ń pè ní òpùrọ́ láti ogún ọdún rí fọ́tò ara rẹ̀, kí ló kàn án bí wọ́n ní ó ti kú? Ó ti ń ro bí yóò ṣe gbé kọ̀ǹpútà náà lọ bá Jìmí lọ́jọ́ Sátidé.

Ìgbà náà ni Nusaybah tẹ fídíò tó wà nísàlẹ̀. Ọlágòkè ló ń sọ̀rọ̀. Orí rẹ̀ ti funfun báláú, ó fara ti ọ̀pá ìtilẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì ti di ti Texas. Ó ní ẹni tí kò sí lórí ìjókòó yìí ló gbé ọ̀pá fún òun. Ó gbà á ní ipò kẹfà, ó gbé e dé ipò kẹta, òun sì jágbe mọ́ ọn pé ó pẹ́. Òun ò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kó máa lọ, tó di báàgì kan ṣoṣo, òun ò sìn ín dé ibùdókọ̀, òun lọ fi eré dánra wò. Òun gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará ilé rẹ̀ ní Ìwó. Òun pe London lọ́dún 1988, òun pè lọ́dún 1991, òun pè lọ́dún 1996. Ní ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹnì kan tó ń fún imú sọ̀rọ̀ ní kò sí níbẹ̀. "Ohùn rẹ̀ ni," ni Ọlágòkè wí. "Mo mọ̀ pé ohùn rẹ̀ ni. Mo sọ fún ara mi pé ó ń bínú sí mi, ó sì tọ́ kó bínú. Ní báyìí mi ò lè bẹ̀ ẹ́ mọ́." Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sì nu ojú.

Ẹ̀rín ti tán nílé. Sàká rántí. Ó rántí ohùn Amẹ́ríkà kan lọ́dún 1996 tó pe orúkọ òun tán, bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ tán lọ́hùn-ún, tí òun sì gbé fóònù kalẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀ pé òun gbọ́n. Ọgbọ̀n ọdún ló fi bínú pé ọ̀rẹ́ òun kò wá òun, òun ló ń tìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Inú rẹ̀ bàjẹ́ gidigidi. Kò fẹ́ jẹun mọ́, kò sì sọ̀rọ̀ Jìmí mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, bí àwọn ọmọ iléèwé ti sọdá tán lọ́sàn-án, Sàká lọ sílé tààrà. Kò bọ́ ẹ̀wù ìyeyè náà. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ ti ògiri. Nusaybah ti gbàyè wá síbẹ̀ ṣáájú, ó ti rí nọ́ńbà ilé ìwòsàn Ọlágòkè ní Houston, níbi tó ti jẹ́ aago mẹ́wàá àárọ̀. Ó pè é, ó gbé fóònù sáàárín àwọn méjèèjì kí ohùn lè jáde síta.

Ọmọbìnrin kan gbé e. Ó ní ta ni kí òun sọ fún Dókítà pé ó ń pè.

Ó lé lógójì ọdún tí Sàká ti fẹnu ara rẹ̀ sọ orúkọ rẹ̀ fún àjèjì lórí fóònù kẹ́yìn. Ó wo Nusaybah. Nusaybah mi orí sí i.

"Sàká," ó ní. Ó mí kanlẹ̀. "Sàká Ọlátòkunbọ̀. Èmi ni."

Ọmọbìnrin náà ní kó dúró díẹ̀. Wọ́n gbọ́ bàtà tó ń lọ, wọ́n gbọ́ ìlẹ̀kùn. Ó ṣe díẹ̀, ẹnì kan gbé fóònù. Ohùn ọkùnrin àgbà ni, ó sì ń fún imú.

"Dókítà kò sí níbí," ni ohùn náà wí ní Gẹ̀ẹ́sì. "Ó ti rìnrìn àjò. Ẹ̀yin oní gbájúẹ̀, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run. Orúkọ òkú lẹ tún fi ń jalè báyìí?"

Nusaybah la ẹnu, kò lè pa á dé. Sàká mọ ohùn náà. Bí Ọlágòkè fún imú, bó fún ọ̀fun, òun mọ̀ ọ́n.

Ó dìde dúró. Ó na ọwọ́ ọ̀tún síwájú, nínú yàrá kékeré náà, ó sì ké tóbẹ́ẹ̀ tí ajá aládùúgbò fi gbó.

"Gòkè! Gbà á!"

Wọn ò gbọ́ nǹkan kan nínú fóònù àfi ẹnì kan tó ń mí, àti ohùn ọmọbìnrin náà lọ́ọ̀ọ́kán tó ń bi Dókítà bóyá kò sí nǹkan. Ó pẹ́ kí ohùn tó tún jáde. Lọ́tẹ̀ yìí, kò fún imú mọ́, Yorùbá ló sì fi sọ̀rọ̀.

"O pẹ́," ó ní. Ẹkún gbà á lẹ́nu. "O mà pẹ́ o, Sàká."

"Mo mọ̀," ni Sàká wí, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínà síbẹ̀. "Má bínú. Gbà á."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n tún ìtàn Texas sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, eré kan tẹ̀ lé òmíràn, àwọn méjèèjì ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ara wọn lẹ́nu. Abọ́ ọ̀sán wà lórí tábìlì. Nusaybah kò kó o. Ó fa ìjókòó súnmọ́ bàbá rẹ̀, ó ń gbọ́.